Lẹ́tà sí Àjàní, kí o tó ra ìbọn àkọ́kọ́ rẹ

Houston, àárọ̀ Ọjọ́rú

Àjàní ọmọ mi,

Fọ́tò ìbọn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo wò ó fìrí, mo sọ fóònù sápò, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹnì kan wọlé ni, ọwọ́ mi méjèèjì ló sì nílò. Ìgbà tí mo délé láàárọ̀ yìí, tí mo wẹ̀ tán, ni mo wá jókòó ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀. O ní o ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. O ní dọ́là 1,300 ni wọ́n ń ta ìbọn yẹn, pé ẹni tó ń tà á ti gbà kí o san án lẹ́ẹ̀mẹrin, kí n wá sọ ohun tí mo rí sí i. Ohun tí mo rí sí i pọ̀ ju èyí tí mo lè fi ohùn gbà sórí WhatsApp lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bébà.

Mi ò ní kí o má ra ìbọn o. Ìwọ náà mọ̀ pé mo ní tèmi, ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń yanu tí wọ́n bá gbọ́. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn tí ìbọn bà?" Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni. Mo mọ ohun tí ọta ń fi ara ènìyàn ṣe ju ẹni tó ń tà á lọ, síbẹ̀ ìbọn wà nínú yàrá mi. N kò rí i bí ohun tó takora. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń jó ni ó yẹ kó máa dáná.

O kò mọ bàbá mi dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo rí i, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà tó kú. Ọdẹ ni, ní Ìgbòho. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ máa ń wà lára ògiri lókè ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tù rẹ̀ kò sí nínú yàrá yẹn rí. Inú ahá ló ń kó o sí, yàrá ìyá mi ni ahá náà ń gbé. Tó bá fẹ́ lọ sígbẹ́, ó gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ìyá mi, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ààyè ni kò sí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyàwó rẹ̀ sáàárín ara rẹ̀ àti ìbọn ni.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 fi ṣakabùlà irú tirẹ̀ sí ìsọ̀rí tó kéré jù, èyí tí ọdẹ lè gba ìwé rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú èyí tí wọ́n kà léèwọ̀, àfi tí ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Mo ń sọ èyí nítorí ohun tí ojú mi rí ní Ìbàdàn ní 1996, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àwọn adigunjalè wọ àdúgbò wa láago kan òru, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Ọdẹ méjì tí àdúgbò gbà ní ṣakabùlà. Àwọn olè ní ìbọn tó ń kọ tatata. Ọdẹ yìn lẹ́ẹ̀kan, kó tó ki òmíràn, wọ́n ti borí rẹ̀. Ojúmọ́ ti mọ́ kí ẹni tó yẹ kó gbà wá tó dé. Láti òru ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè fara mọ́ òfin tó ń já ohun ìjà gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa òfin mọ́, tí olè kò sì gbọ́ pé wọ́n ṣe é.

Nígbà tí mo dé ilẹ̀ yìí, mo ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà kí n tó ná kọ́bọ̀. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti ní ohun ìjà sínú Òfin Ìpìlẹ̀ wọn ní 1791, àtúnṣe kejì. Ó di 2008, nínú ẹjọ́ Heller, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, kó lè fi dáàbò bo ara rẹ̀ nínú ilé. Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Otis McDonald, bàbá arúgbó aláwọ̀ dúdú, ṣí láti Louisiana lọ sí Chicago. Àwọn olè ń fọ́ ilé rẹ̀ léraléra, òfin ìlú sì ní kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn ìléwọ́. Ó bá ìlú dé ilé ẹjọ́ yẹn, ó sì borí ní 2010. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó olóko ni ẹ̀tọ́ ìbọn, dárúkọ bàbá yẹn fún un. Ní 1857, nígbà tí ilé ẹjọ́ kan náà ní aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, lára ohun tí adájọ́ àgbà Taney kọ sílẹ̀ bí ohun ẹ̀rù ni pé, tí wọ́n bá di ọmọ ilẹ̀, wọn á máa gbé ohun ìjà lọ síbi tó wù wọ́n. Ní 1956, wọ́n ju bọ́ǹbù sílé Martin Luther King ní Montgomery. Ó lọ béèrè ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn, wọn kò fún un. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi du irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, n kò ní sọ fún ọmọ mi pé kó sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n n kò bá àwọn tó ń pariwo pé kò yẹ kí òfin kankan wà rìn. Ní 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi, tó ṣẹ̀ láti Texas níbí, ilé ẹjọ́ yẹn sọ pé ẹni tí kóòtù ti rí i pé ó jẹ́ ewu fún ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ló fọwọ́ sí i. Èmi náà ì bá fọwọ́ sí i. Mo ti fọ ojú àwọn obìnrin tó dé ọ̀dọ̀ wa lóru, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn wá.

Láti oṣù kẹsàn-án 2021, Texas kò fi dandan mú ọ láti gba ìwé kí o tó gbé ìbọn lára. Ìjọba kò fi dandan mú ọ. Èmi fi dandan mú ọ. Lọ gba ìwé náà. Dọ́là 40 ni ìjọba ń gbà, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì rẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, o ó sì yìnbọn nígbà 50 níwájú olùkọ́: láti ibi ìgbésẹ̀ mẹ́ta, méje, àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ọwọ́ mi gbọ̀n níbi ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo padà lọ síbi ìdánrawò ní Sátidé mẹ́fà tẹ̀léra lẹ́yìn tí mo gbà á tán, nítorí ojú tì mí.

Àwọn òfin tí olùkọ́ yẹn kọ sójú pátákó, bàbá mi ti sọ wọ́n kí n tó mọ̀wé. Gbogbo ìbọn lọ́ta nínú títí o ó fi fi ojú ara rẹ rí i pé kò sí. Má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ pa, kódà nínú eré. O mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń béèrè pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọ ìbọn sí òun? Kí ìka rẹ má dé ara apátí títí o ó fi pinnu. Kí o sì mọ ohun tí o fẹ́ yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ bá ọ dúró lé lórí.

Ọdẹ kan wà tí òun àti bàbá mi jọ ń ṣọdẹ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Lóru ọjọ́ kan, ó rí i tí koríko ń mì, ó rò pé òyà ni, ó yìn ín. Àbúrò rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé ìbọn náà lọ fún olórí ọdẹ, kò sì fọwọ́ kan ìbọn mọ́ títí tó fi kú. Ìgbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, agbọ̀n ló ń hun lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Bí a bá kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n kì í gbójú sókè. Bàbá mi kì í kọjá níwájú rẹ̀ kó má tọ́ka sí i fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé: béèrè kí o tó yìn.

Àjàní, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ rí. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá rẹ lọ sílé fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. O ní o ó sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sùn. Nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ṣí àpótí irin, mo mú ìbọn, mo dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Ènìyàn gíga kan wọlé, ó fi fìlà aṣọ rẹ̀ borí, ó lọ tààrà sí kíṣìnnì. Mo kígbe pé, "Ta nìyẹn?" Kò dáhùn. Mo tún kígbe. Kò dáhùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ìka mi kò sí lára apátí, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Òfin ilẹ̀ yìí ì bá gbè mí. Kò sí adájọ́ tí ì bá bi mí ní nǹkan kan. Ohùn bàbá mi ló sọ fún mi pé kí n tan iná.

Mo tan iná. Ìwọ ni. Ohun tí o fi ń gbọ́ orin wà létí rẹ méjèèjì, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ. O yíjú padà, o yọ ọ̀kan létí, o ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì sùn?" Ọwọ́ mi ti wà lẹ́yìn mi. Mo ní rárá. O ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jà, o sì rìn wálé. Mo ní kí o jẹun kí o lọ sùn. Mo padà sí yàrá, mo ti ìbọn mọ́ inú àpótí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni iná tó ń tan fúnra rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilé wa. Dọ́là 35 ni mo rà á. Ìwọ rò pé nítorí àwọn ológbò ni.

Nítorí náà, ra iná ọwọ́ tó mọ́lẹ̀ dáadáa kí o tó ra ọta kejì. Kí o sì rántí pé inú ilé oníyàrá púpọ̀ lò ń gbé ní Dallas. Ògiri ibẹ̀ kì í ṣe bíríkì bíi ti Ìgbòho, páálí àti ẹfun lásán ni. Ọta tí o bá yìn tí kò bá ẹni tí o yìn ín sí, yóò gba inú ògiri lọ sí yàrá tí ọmọ aládùúgbò rẹ ti ń sùn. Dúró sínú yàrá rẹ, ti ilẹ̀kùn, pe 911, sọ fún wọn pé o ní ìbọn lọ́wọ́. Tó bá ní òun fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ kó gbé e. Mo mọ̀ pé ìpín 9.42 nínú ìwé òfin Texas gba ènìyàn láyè nígbà mìíràn láti lo ìbọn nítorí dúkìá lóru. Òfin gbà á, èmi kò gbà á. Ohun tí a lè fi owó ọjọ́ mẹ́ta rà padà, a kì í fi ẹ̀mí ènìyàn dí i.

Ní ti ibi tí ìbọn máa gbé, àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni. Kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀, kì í ṣe inú mọ́tò. Àwọn olè ìlú yìí ń fọ́ gíláàsì mọ́tò nítorí ìbọn. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún bá rí ìbọn rẹ he, tí o kò sì tọ́jú rẹ̀, ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin Texas, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ sì ń wá kí ọ.

Ọ̀ràn mìíràn rèé tí wọn kì í fẹ́ sọ níbi tí wọ́n ti ń tà á. Nínú gbogbo ikú tí ìbọn ń fà ní Amẹ́ríkà, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé olúwa rẹ̀ ló yìn ín sí ara rẹ̀. Mo ti bá àwọn ìyá wọn jókòó. Púpọ̀ nínú wọn ní kò sí àmì kankan, ó jẹun lálẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó lo oògùn máa ń dé ọ̀dọ̀ wa láàyè, a sì máa ń gbà wọ́n là. Èyí tó lo ìbọn, díẹ̀ ló ń dé. Bí ayé bá dojú rú mọ́ ọ lọ́wọ́, bí obìnrin bá já ọ sílẹ̀, bí iṣẹ́ bá bọ́, bí oorun bá kọ̀ tí kò wá fún ọ̀sẹ̀ kan, gbé ìbọn rẹ wá fún mi. Wákàtí mẹ́rin péré ni láti Dallas. N kò ní bi ọ́ ní ìdí. Máa pe 988, nọ́ńbà àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ayé sú, lójú ọ̀nà tó bá gba bẹ́ẹ̀. Ìdí tí ẹ̀tù bàbá mi fi ń gbé yàrá ìyá mi nìyẹn.

Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró, tan iná inú ọkọ̀, gbé ọwọ́ méjèèjì sórí ìdarí. Tó bá béèrè ìwé ìwakọ̀ rẹ, tí ìbọn sì wà lára rẹ, mú ìwé àṣẹ ìbọn mọ́ ọn. Òfin ló ní kí ẹni tó ní in ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ ibi tí ọwọ́ rẹ ń lọ kó tó lọ síbẹ̀, kí o sì dúró kó dá ọ lóhùn. Philando Castile ní ìwé àṣẹ. Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ọlọ́pàá ní Minnesota, ní oṣù keje 2016, pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun, ọlọ́pàá náà sì yìn ín pa níbi tó jókòó sí, lójú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àti ọmọ ọdún mẹ́rin. Kóòtù dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ lọ́dún kejì. Inú ń bí mi títí di òní, nítorí ẹ̀tọ́ tí mo ń wí yìí, kò dé ara gbogbo wa bákan náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún ní kí o dì í mú.

Ní ilé ìtajà, wọn á fún ọ ní fọ́ọ̀mù 4473, èyí tí ìjọba ní kí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn kọ. Má parọ́ sórí rẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa igbó mímu, má wò ó pé wọ́n ń tà á ní gbangba ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn ni kóòtù fi dá Hunter Biden, ọmọ ẹni tó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ yìí nígbà náà, lẹ́bi ní 2024. Bàbá rẹ̀ ló wá foríjì í. Bàbá tìrẹ kì í ṣe ààrẹ. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa tó wà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ bá sì kó owó fún ọ pé kí o bá òun rà á lórúkọ rẹ, sọ fún un pé ìyá rẹ ní rárá. Òfin 2022 fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Òun náà, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ dá a padà sílé láìgba ìwé ẹ̀rí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Ìbọn 1,300 tí o ń san lẹ́ẹ̀mẹrin yẹn, èmi kò fẹ́ ẹ. Tèmi jẹ́ 480 nígbà tí mo rà á, kò tíì kọ iṣẹ́ fún mi rí. Fi iye tó ṣẹ́kù ra àpótí irin, ìbòtí, ọta ìdánrawò, kí o sì san owó kíláàsì. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra ìbọn kì í ní èyí tó máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Bí o kò bá tíì ní iye rẹ̀ lọ́wọ́, dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ìbọn kì í ṣe ìrẹsì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà mẹ́rin yẹn, nítorí mo ti rí i pé bàtà rẹ náà, ìgbà mẹ́rin ni. Fóònù rẹ, oṣù 36. Káàdì tí báńkì fún ọ, o ní ó ti gbé 3,000. Ní èlé 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, dọ́là 60 ni èlé rẹ̀ lóṣù kan. Bí o bá ń san 75, dọ́là 15 péré ló ń lọ sórí gbèsè náà gan-an. O ń ṣiṣẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́ta lóṣù nínú òrùn orí òrùlé àwọn olówó, tí ò ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, kí báńkì lè jẹun. Pa gbèsè yẹn kọ́kọ́. Kó tó di ìbọn, kó tó di ohunkóhun.

Ilé iṣẹ́ rẹ ní iye tí o bá fi sínú 401(k), àpò owó ìfẹ̀yìntì rẹ, àwọn á fi iye kan náà kún un, títí dé mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 22 dọ́là wákàtí kan, èyí jẹ́ nǹkan bí 1,830 lọ́dún tí wọ́n fẹ́ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. O ní o kò tíì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láti oṣù kẹta. Ọmọ mi, kí ló dé? Bí o bá ń fi 200 pamọ́ lóṣooṣù láti ìsinsìnyí, tí ó ń pọ̀ sí i ní 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ní ogójì ọdún, á ti lé ní 520,000. Bí o bá dúró di ìgbà tí o pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nǹkan bí 244,000 ni. Ọjà ìdókòòwò kì í gòkè lọ́dọọdún, ọdún mìíràn á já lulẹ̀ tí ojú á pọ́n ọ. Má wò ó. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ni èmi kò ní, nítorí ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo jẹ́ nígbà tí mo dé ibí, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi.

Àjọ ló gbé mi. Àwa obìnrin mẹ́wàá, 500 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó 5,000. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kó o, mo fi sí owó ìṣáájú ilé yìí. Bí o bá rí àwọn tí o mọ ilé wọn, tí o mọ ìyá wọn, bá wọn dá àjọ. Àwọn tí o kò mọ ìyá wọn, báńkì sàn jù wọ́n lọ.

Má ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi kan lórí mọ́tò, ẹni tí a jọ ń gbàdúrà. Ó san oṣù márùn-ún, ó sì kúrò ní Houston láì sọ fún mi. Báńkì kò wá a, èmi ni wọ́n wá. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ófátáìmù san gbèsè mọ́tò tí n kò wọ̀ rí, ìgbà yẹn lo sì ń béèrè ìdí tí mi ò fi ń wá wo bọ́ọ̀lù rẹ. N kò lè dá ọ lóhùn. Ohun tó dùn mí jù ni pé bí ẹni tó nílò ìrànwọ́ tòótọ́ bá wá lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Owó ilé ńkọ́? Máa fi ránṣẹ́. Ìyá bàbá rẹ wà láyé, má sì jẹ́ kó gbọ́ pé o ra ìbọn kó tó gbọ́ pé o fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun. Ṣùgbọ́n dá iye kan, kó jẹ́ iye yẹn lóṣooṣù, kó má jẹ́ orí káàdì. Ẹni tó bá pè ọ́ láago mẹ́ta òru pé kí o fi 800 ránṣẹ́ kíákíá, sun títí di àárọ̀ kí o tó dáhùn. Láàárọ̀, ìdajì nínú ọ̀rọ̀ yẹn á ti yanjú fúnra rẹ̀.

Máa se oúnjẹ rẹ fúnra rẹ. Máa sùn. Ọjọ́ tí o bá mutí, ìbọn kò gbọ́dọ̀ sí lára rẹ, àní kí wọ́n má tilẹ̀ rí ọ pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé ọtí. Ọ̀rẹ́ tó bá ń fi ìbọn ya fọ́tò tó ń kọ ọ́ sójú kámẹ́rà, má gbà á sílé. Mọ orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ. Èmi mọ̀ pé obìnrin Mẹ́síkò tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa ti ṣe iṣẹ́ ààbò fún ilé wa ju ìbọn mi lọ, torí kò sí mọ́tò àjèjì tó dúró lójú pópó yìí tí kò ní pè mí. Bá wọn jẹ, bá wọn mu.

Ìbọn kò sì bá wa lọ sílé ní oṣù kejìlá o, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tú báàgì rẹ wò dáadáa kí o tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ní 2023 nìkan, wọ́n rí ìbọn tó lé ní 6,700 nínú báàgì àwọn tó fẹ́ wọ bàálù ní ilẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rántí pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó lè gbàgbé ibi tí ìbọn rẹ̀ wà kò tíì yẹ kó ní in.

Má san owó kankan fún ẹni yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Máa bọ̀ wálé. N kò níṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, a ó jọ lọ síbi ìdánrawò láàárọ̀, o ó lo tèmi, mo fẹ́ fojú ara mi rí bí o ṣe ń di ìbọn mú. Bàbá rẹ ní òun á se ọbẹ̀ ilá. Mú ìwé 401(k) yẹn dání, kí a jọ kún un lórí tábìlì kí o tó jẹun.

Bí o bá dé lóru, pè mí láti ìdí mọ́tò. Yọ ohun tó wà létí rẹ méjèèjì. Kí o tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, pe orúkọ rẹ sókè, kí o sì dúró títí o ó fi gbọ́ ohùn mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ